Omi Kì Í Ṣojúsàájú

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó gbé korobá omi wọ ilé tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé inú rẹ̀, ẹ má rò pé ilẹ̀ ló fẹ́ fọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò ní rò bẹ́ẹ̀. Bí bíríkìlà bá ti rí i lẹ́nu ọ̀nà báyìí, á máa wolẹ̀ bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Ìyá Olómi ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò ta omi rí láyé rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó yẹ ilé wò kí ẹni tó rà á tó gba kọ́kọ́rọ́, kí ó sì sọ bóyá ẹni tó kọ́ ọ mọṣẹ́ ni, tàbí ńṣe ló kàn ń kánjú àtilọ sílé.

Ó ní òòlù kékeré kan tó fi ń kan ògiri. Ibi tí sìmẹ́ǹtì bá ti di ara búlọ́ọ̀kù mú dáadáa, á dún gbì. Ibi tó bá ti ṣófo lábẹ́, á dún bí àgbá òfìfo. Ó ní okùn kan tó so irin mọ́ nídìí, òun ló fi ń mọ̀ bóyá ògiri dúró ṣánṣán. Ó tún ní lẹ́fẹ́lì, igi gbọọrọ tí ìgò omi kékeré kan wà láàárín rẹ̀, tí ẹyin afẹ́fẹ́ róbótó kan ń sá kiri nínú ìgò náà títí yóò fi rí ibi tó tẹ́. Ṣùgbọ́n omi ló gbẹ́kẹ̀ lé jù. Á da omi sílẹ̀ yàrá, á káwọ́ sẹ́yìn, á máa wo ibi tó ń ṣàn lọ. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, á ní kí wọ́n fi ẹnu sinmi.

"Ẹ jẹ́ kómi sọ tiẹ̀ ná," ni yóò wí. "Omi kì í ṣojúsàájú. Kò mọ ọ̀gá, kò mọ ọmọ iṣẹ́."

Kápẹ́ńtà kan wà tó máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ níbi iṣẹ́. Á ní, "Ìyá Olómi, ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yin ń dà á sílẹ̀ onílẹ̀, ẹ ó sì bá tiyín lọ." Òun náà á sì fún un lésì pé ilẹ̀kùn tó kàn síbi ìkẹyìn ń ké bí ewúrẹ́ ọlọ́mọ, kí ó lọ fún un lọ́mú kó tó wá máa pòwe. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Wọn kò kórìíra rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dára, á wí. Bí kò bá dára, á wí, kì í sì í sọ ọ́ lẹ́yìn ẹni kó tó sọ ọ́ lójú ẹni.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹjú mọ́ nǹkan.

Bíríkìlà ni bàbá náà, ilẹ̀ títẹ́ sì ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Ojúòṣùwọ̀n ni ìnagijẹ rẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, torí pé kò lo lẹ́fẹ́lì rí. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì bá ṣì tutù, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà yàrá, á gbé àgbọ̀n lélẹ̀, á di ojú kan, á wá fi ojú kejì wo ilẹ̀ náà láti ìhín dé ọ̀hún. Á ní, "Ó ga bí ìbú èékánná lápá fèrèsé." Wọ́n á ha á níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, àwọn tí kò gbà á gbọ́ máa ń gbé lẹ́fẹ́lì lé iṣẹ́ rẹ̀, ẹyin inú ìgò á jókòó sí àárín gbùngbùn bí ọmọ tó yó. Ó pẹ́ tí wọ́n ti jáwọ́ nínú àdánwò yẹn.

Ọmọbìnrin rẹ̀ yìí máa ń bá a lọ síbi iṣẹ́ nígbà tó wà ní kékeré. Á dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ìgúnpá kan ìgúnpá.

"Kí lo rí?" bàbá á bi í.

"Ilẹ̀ ni."

"Ilẹ̀ wo? Gbogbo ayé ló ń rí ilẹ̀. Wò ó dáadáa."

Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́ kó tó di pé ó rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ pé ilẹ̀ ga lápá ògiri, tó sì jẹ́ òótọ́, bàbá kò yìn ín. Ó kàn gbé irin pẹlẹbẹ tó fi ń dán sìmẹ́ǹtì lé e lọ́wọ́ pé kó lọ ha á. Títí di òní, bí ẹ bá bi Ìyá Olómi léèrè ọjọ́ tí inú rẹ̀ dùn jù nígbà èwe, ọjọ́ yẹn ni yóò dárúkọ.

Nígbà tó wá di ayẹléwò, bàbá rẹ̀ pè é jókòó, ó sì ṣe òfin kan fún àwọn méjèèjì. Ó ní, "Láti òní lọ, mi ò ní sọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ, ìwọ náà má bi mí. Bí o bá ṣe kòńgẹ́ iṣẹ́ mi, yẹ̀ ẹ́ wò bí iṣẹ́ ẹni tí o ò mọ̀ rí. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé ọmọ ló ń bo bàbá láṣìírí."

Ọmọ gbà. Láti ìgbà náà, bó bá lọ kí bàbá rẹ̀ nírọ̀lẹ́, sìmẹ́ǹtì á ṣì wà lára apá bàbá, àwọn méjèèjì á sọ̀rọ̀ ará ilé, wọ́n á sọ̀rọ̀ ará oko, wọn kò ní dárúkọ ibi tí sìmẹ́ǹtì náà ti wá. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí òfin yìí ṣì tuntun, bàbá nìkan ló kù sínú ilé, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí wọn kì í sọ yìí wà lára ohun tó so wọ́n pọ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ bàbá kì í fara pa mọ́ fún ọmọ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gbogbo yàrá tí Ojúòṣùwọ̀n bá tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ní kọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, níbi tí èèyàn kò lè rí àfi tó bá jókòó sílẹ̀, á ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ sìmẹ́ǹtì tútù lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ó yẹ kí ilé mọ ẹni tó kọ́ òun. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Olómi láìmọye ìgbà pé á da omi sílẹ̀ ilé kan, omi á gba ibi tó yẹ kó gbà, á wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á rí ojú àtàǹpàkò yẹn. Inú rẹ̀ á dùn dé ẹ̀yìn ọrùn. Kò ní sọ fún bàbá rẹ̀, bàbá kò sì ní bi í.

Ọdún tí mò ń wí yìí, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, á dẹ ọrùn sápá ọ̀tún díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohùn tó jìnnà. Ọmọ rẹ̀ rò pé ọrùn ló ń dùn ún. Ó ra òróró ìpara fún un, bàbá dúpẹ́, ó sì ń fi pa ọrùn lálaalẹ́. Ní sáà kan náà ni bàbá tún ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ tẹ́. Bí ọmọ bá wá fọ̀ ọ́ lópin ọ̀sẹ̀, omi á kó jọ sídìí ògiri, á wá máa fi ìgbálẹ̀ lé e jáde.

"Omi ilé yín yìí, ó fẹ́ràn ògiri," ni ọmọ wí lọ́jọ́ kan.

"Ó ti dàgbà," bàbá wí. "Ó ń wá ibi tó máa fẹ̀yìn tì."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń tọ omi lẹ́yìn káàkiri ilé onílé gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Télọ̀ obìnrin kan ló ra ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde. Ó ti ránṣọ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀ kó tó rí i rà, òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ jọ máa gbé ibẹ̀. Ìyá náà ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ìyá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n da aṣọ bò níta, ọmọ rẹ̀ dúró tì í, ó ń wo òrùlé bí ẹni tí kò tíì gbà pé tòun ni. Agbaṣẹ́ṣe tó kọ́ ilé náà, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀, tí kọ́kọ́rọ́ máa ń dún lápò rẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn táìlì wà nínú páálí lójú ọ̀nà. Bí Ìyá Olómi bá ti lè fọwọ́ sí ilẹ̀ náà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ wọ́n.

Ìyá Olómi bẹ̀rẹ̀ láti pálọ̀. Ó kan ògiri, ògiri dáhùn dáadáa. Ó ta okùn, ògiri dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ra ilẹ̀. Ilẹ̀ náà dán débi pé ó ń rí òjìji ọwọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọwọ́ àgbà rèé. Ó wá da omi sílẹ̀.

Ó yẹ kí omi náà rọra tàn ká, kí ó sì máa bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò wá sẹ́nu ọ̀nà. Ó yí pẹ́rẹ́ sápá ọ̀tún, ó lọ dúró sídìí ògiri. Ìyá Olómi gbé lẹ́fẹ́lì lé ilẹ̀, ẹyin sá lọ sápá òsì. Ó kọjá sí yàrá kìíní, ó dà á, omi tún lọ sọ́tùn-ún. Yàrá kejì, ọ̀tún náà ni. Nínú balùwẹ̀ ló ti burú jù. Omi gba ẹ̀gbẹ́ ihò tí wọ́n ṣe fún un kọjá, bí ẹni tí kì í bá ará ilé sọ̀rọ̀, ó lọ rọ́ jọ sí igun tí èèyàn máa ń gbẹ́sẹ̀ lé bó bá fẹ́ jáde.

Ó dúró, ó ń rò ó. Ó ti rí ilẹ̀ tí kò tẹ́ rí, wọ́n pọ̀ ju iyanrìn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bìkítà kì í ṣàṣìṣe sójú kan. Bó bá ga níhìn-ín, á jìn lọ́hùn-ún, á sì rí gbágungbàgun lójú. Ẹni tó tẹ́ ilẹ̀ yìí fara balẹ̀, ó dán an, ó fẹ́ràn rẹ̀, síbẹ̀ ilẹ̀ yàrá kọ̀ọ̀kan dagun sọ́tùn-ún bákan náà. Kí ló lè fà á?

Kò mọ ohun tó mú òun ṣe èyí tó ṣe tẹ̀ lé e. Ó pẹ́ tó ti ṣe é kẹ́yìn. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá kejì, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lélẹ̀, ó di ojú kan. Ilẹ̀ náà dagun lóòótọ́, ó rí i kedere. Ó wá dẹ ọrùn díẹ̀ sápá ọ̀tún kó lè rí igun rẹ̀ dáadáa, ilẹ̀ náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ lójú rẹ̀. Ó gbé orí nàró, ó dagun. Ó dẹ ọrùn, ó tẹ́.

Ó mọ ọrùn tó máa ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló ra òróró tí wọ́n fi ń pa á lálaalẹ́.

Ó pẹ́ kó tó lè na ọwọ́ ti ilẹ̀kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú àtàǹpàkò náà wà níbẹ̀, ní kọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kò dìde.

Ibẹ̀ ni agbaṣẹ́ṣe bá a. "Ìyá Olómi, ṣé kò síṣòro o?"

"Ta ló tẹ́ ilẹ̀ yìí?"

Kọ́kọ́rọ́ àpò rẹ̀ dákẹ́. "Ẹ ti mọ̀ ọ́n," ó wí.

Ó jókòó sórí páálí táìlì, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ wò ó, bàbá yín ni wọ́n mú mi wọnú iṣẹ́ yìí nígbà tí mi ò ní bàtà lẹ́sẹ̀. Mi ò lè sọ fún wọn pé mi ò fún wọn níṣẹ́ mọ́. Àwọn agbaṣẹ́ṣe yòókù ti dẹ́kun pípè wọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ pé ojú wọn ti ń lọ, Ìyá Olómi. A rò pé ẹ mọ̀."

A rò pé ẹ mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dun obìnrin náà ju ilẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì nígboro ló mọ ohun tó ń ṣe bàbá rẹ̀, òun nìkan tí wọ́n ń pè wá yẹ nǹkan wò ni kò mọ̀. Òfin tí wọ́n fi bo orúkọ rere ló bo ojú òun náà.

Agbaṣẹ́ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n ṣe é. Àwọn yàrá ò ṣòro, ẹni tó ń lẹ táìlì á po sìmẹ́ǹtì rẹ̀ nípọn lápá kan, ilẹ̀ á bára mu. Balùwẹ̀ nìkan la máa fọ́, màá wá ẹlòmíràn tẹ́ ẹ. Bàbá ò ní gbọ́, ẹni tó ra ilé ò ní mọ̀. Kò séèyàn tí ojú máa tì."

Ìyá Olómi kò lè purọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò wọ òun létí. Kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ilé á tẹ́, bàbá á máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ. Ó bi í pé, "Lẹ́yìn èyí, kí lẹ tún gbé lé wọn lọ́wọ́?"

Ọkùnrin náà wojú ilẹ̀. "Ilé alájà méjì tí a ń kọ́ lọ́wọ́. Àtẹ̀gùn ibẹ̀. Àwọn ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe é. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ìyá Olómi rò ó. Ó rí bàbá rẹ̀ lókè àtẹ̀gùn tí kò tíì ní irin tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú, tó dẹ ọrùn sọ́tùn-ún, tó ń fẹsẹ̀ wá ibi tí kò sí. Ó rí ọmọ ọlọ́mọ tó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Wọ́n gbọ́ ohùn ọ̀pá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá télọ̀ ti dìde níta, ó ti rin gbogbo ilé wò ní tirẹ̀, ó sì ti dé balùwẹ̀. Nígbà tí Ìyá Olómi dé ibẹ̀, ìyá àgbà náà dúró sínú adágún omi tó kó jọ sẹ́nu ọ̀nà, ìdí ọ̀pá rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ibi tí màá ti máa wẹ̀ rèé?"

"Ibẹ̀ ni, mà." Ó di ìyá náà lápá mú, ó rọra fà á jáde sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Nígbà tó yíjú, télọ̀ ti dé ẹ̀yìn wọn. Ìyá Olómi sọ fún un pé wọ́n máa fọ́ ilẹ̀ balùwẹ̀, wọ́n á tún ti àwọn yàrá ṣe, kò sì gbọ́dọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ títí omi yóò fi wọ inú ihò rẹ̀ lójú òun fúnra rẹ̀.

Inú bí télọ̀. "Ṣé bíríkìlà tí wọ́n lò ò mọṣẹ́ ni?"

Agbaṣẹ́ṣe ti la ẹnu láti dáhùn. Ìyá Olómi ṣáájú rẹ̀.

"Ó mọṣẹ́," ó wí. "Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ojú rẹ̀ ló ti ń lọ. Bàbá mi ni."

Télọ̀ yíjú wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fọwọ́ kan Ìyá Olómi léjìká, tó fi ọwọ́ náà síbẹ̀ títí.

Ó lọ sílé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá jókòó lórí àga rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, kò sì dìde.

"Bàbá, ibi iṣẹ́ yín ni mo ti ń bọ̀."

"A ti sọ pé a ò ní máa sọ ìyẹn."

"Mo mọ̀. Mo ti rú òfin náà. Ẹ dárí jì mí."

Ó dìde, ó bomi kún korobá, ó sì dà á sílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́. "Ibo ló ń lọ, bàbá?"

Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga. Ó dẹ ọrùn, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. "Kò lọ síbì kankan," ó wí. "Ó tẹ́."

Ọmọ mú ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó rọra fà á wálẹ̀, ó tẹ́ ẹ sídìí ògiri. Omi ti kún ibẹ̀, ó sì bo ọwọ́ náà mọ́lẹ̀. Bàbá kò fà á kúrò. Ó ń fi ìka ra omi náà, bí ẹni tó ń wá òrùka tó já bọ́.

"Tòsì ti kọ́kọ́ lọ," bàbá wí nígbà tó yá. "Díẹ̀díẹ̀ ni. Mo ní ọ̀tún ṣì wà, ṣebí ojú kan náà ni mo ti fi ń wo ilẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Lẹ́yìn náà, ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú létí, mo wá ń dẹ ọrùn kí n lè rí ibi tó kù."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Kí ni mo ń ra òróró fún?"

"Ẹnu ò gbà á." Ó tún fi ìka ra omi náà. "Òun náà ni mo ṣe ń retí rẹ. Gbogbo ilé tí mo bá ti parí, mo máa ń sọ lọ́kàn pé bóyá èyí ni wọ́n máa pe ọmọ mi sí. Mo mọ̀ pé bí o bá da omi sí i, o máa rí i. Mo sì mọ̀ pé bí o bá rí i, o ò ní ṣàìsọ."

Ìyá Olómi gbé ojú lé itan bàbá rẹ̀, ó sunkún. Bàbá fi ọwọ́ tútù náà bo orí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn, omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nídìí ògiri.

Dókítà ojú kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Èyí tó ti lọ kò ní padà, ó ní kí wọ́n máa kán oògùn kí wọ́n lè dá díẹ̀ tó kù sí. Nígbà tí wọ́n jáde níbẹ̀, bàbá ní kí ọmọ mú òun lọ sọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe. Ó dá àtẹ̀gùn náà padà fún un. Ó ní kó wá ẹni tó ń ríran, kí ẹni náà sì tún gbogbo ilẹ̀ tí òun tẹ́ láti ìgbà òjò wò. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀bẹ̀ fún ẹyọ ohun kan.

"Balùwẹ̀ ìyá arúgbó yẹn, èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ n tún un ṣe kí n tó jáwọ́ nínú iṣẹ́ yìí."

Agbaṣẹ́ṣe wo Ìyá Olómi. Ìyá Olómi ní, "Wọ́n á ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi ni màá di lẹ́fẹ́lì mú."

Bàbá kò gbé lẹ́fẹ́lì sójú iṣẹ́ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Nígbà tí wọ́n ti fọ́ ilẹ̀ àtijọ́ náà, tí wọ́n da tuntun, ó kọ́kọ́ gbàgbé, ó ń lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bó ti ń ṣe. Ó rántí nígbà tí orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá yípo, ó jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Gbé e lé e. Kí ni ẹyin wí?"

"Ó sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bàbá. Ibẹ̀ ga."

"Bí kí ni?"

"Bí ìbú èékánná."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu ọmọ. Ó ha á. Ọmọ tún gbé e lé e, ó tún sọ, bàbá tún ha á. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé nǹkan kan. Sìmẹ́ǹtì ń dán lábẹ́ irin náà bí ó ti máa ń dán. Télọ̀ dúró lẹ́yìn wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀, agbaṣẹ́ṣe sì ti mú kọ́kọ́rọ́ kúrò lápò kó má bàa máa dún. Nígbà tí wọ́n parí, bàbá fọwọ́ wá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn títí ó fi rí kọ̀rọ̀, ó sì ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ ibẹ̀.

Wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ náà gbẹ dáadáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n padà wá, Ìyá Olómi gbé korobá rẹ̀ bó ti ń gbé e wọ ilé ẹnikẹ́ni. Bàbá ti ṣáájú wọlé. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò omi, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sẹ́nu ihò náà, ó gbé ojú sókè.

"Dà á," ó wí.

Ó dà á láti igun tó jìnnà jù, níbi ẹnu ọ̀nà.

"Ó ń bọ̀?"

"Ẹ ní sùúrù, bàbá."

Ó fẹ́ kómi sọ tiẹ̀. Omi náà tàn ká díẹ̀, ó yí orí sọ́nà ihò, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ tó dán náà títí ó fi kan ìka rẹ̀.

"Ó ti dé," bàbá wí.

Kò gbé ọwọ́ náà kúrò níbẹ̀ títí omi fi tán.